Ọ̀dà Ààbò fún Ilẹ̀ Kọnkéré Tuntun ní Ilé Ìgbọ́kọ̀sí: Àgbéyẹ̀wò

Nínú gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú ọgbà ilé, ti ilé ìgbọ́kọ̀sí ni ìyà ń jẹ jù. Ọkọ̀ tí ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ ń yí táyà gbígbóná lé e lórí lójoojúmọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ń kán sí i, omi bírékì ń jò sí i, ásíìdì bátìrì ń ta sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ọ̀pọ̀ ilé ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́, ibẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ ń gbé. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da kọnkéré síbẹ̀ máa ń fẹ́ fi ọ̀dà ààbò bò ó kí ọkọ̀ tó wọlé, tí yóò sì máa béèrè lọ́wọ́ akunlé àti lọ́wọ́ ọlọ́jà èwo ni ó dára jù. Èrò tí àgbéyẹ̀wò yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè yẹn máa ń yá ju àkókò rẹ̀ lọ, nítorí pé omi tí ó wà nínú kọnkéré tuntun, àti omi tí ó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ tí kọnkéré náà jókòó lé, ni ó ń yan ọ̀dà fún onílé, yálà onílé mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì kọ́kọ́ ṣe kedere. Gáréèjì, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń lò ó, ti di ibi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ìdí nìyí tí a fi lo ilé ìgbọ́kọ̀sí níhìn-ín fún yàrá tàbí abẹ́ òrùlé tí onílé ń gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sí. Ọ̀dà ààbò sì ni ohunkóhun tí ó ń ṣàn tí a bá fi sí ojú kọnkéré kí ó má baà tètè bàjẹ́, ìbáà ṣe èyí tí ó máa ń dì sójú ilẹ̀ bí awọ, ìbáà ṣe èyí tí ó máa ń wọnú kọnkéré lọ tí kì í fi awọ kankan sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín aláwọ àti aláìláwọ yìí ni òpó tí ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kù dúró.

Kí sìmẹ́ńtì tó dé, Yorùbá kò fi ilẹ̀ ilé sílẹ̀ láìní ààbò. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìdúró, tí etí rẹ̀ kọjú sókè, tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ àgbàlá àti ti ojúbọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Frank Willett ní Ìta Yemòó àti Peter Garlake ní ilẹ̀ Ọbàlárá wú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì so ó mọ́ ìgbà Ọọni Lúwo, obìnrin tí ó jọba níbẹ̀. Nínú ilé alámọ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi pa ilẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un pa nígbà tí ó bá ṣá. Lẹ́yìn tí sìmẹ́ńtì wọlé, pálíìṣì pupa inú agolo ni wọ́n fi ń dán ilẹ̀ pálọ̀, tẹ̀rásò sì tẹ̀lé e ní ilé àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn. Ohun kan so gbogbo wọn pọ̀: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dí ilẹ̀ lẹ́nu pátápátá, ọ̀rinrin tí ó bá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ ń rí ọ̀nà gbà jáde, èyí tí ó bá sì ṣá ni a ń tún ṣe láìsí pé a fọ́ nǹkan kan. Àwọn ọ̀dà aláwọ ayé òde òní ni ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yẹn pa, ibẹ̀ sì ni wàhálà wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Láti mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kọnkéré fúnra rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí gbogbo ayé ń lò lónìí, èyí tí Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ lé lórí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1824, kì í le nítorí pé ó gbẹ. Ó ń le nítorí pé ó mu omi, tí òun àti omi sì di nǹkan mìíràn papọ̀. Ìdí nìyí tí bíríkìlà tí ó mọṣẹ́ fi máa ń bomi rin kọnkéré tuntun fún ọjọ́ méje ó kéré tán, tí wọ́n sì máa ń fi ọjọ́ 28 ṣe òdiwọ̀n ìgbà tí agbára rẹ̀ dé ibi tí a lè wọ̀n. Nọ́ńbà 32.5 tàbí 42.5 tí ó wà lára àpò sìmẹ́ńtì ń sọ nípa agbára ọjọ́ 28 yìí, àjọ SON, tí ń rí sí òdiwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, sì kéde ní 2014 pé kí wọ́n fi 32.5 mọ sí iṣẹ́ ìrẹ́lé nìkan, nítorí náà ilẹ̀ tí ọkọ̀ yóò máa gùn kò yẹ kí ó rí i rárá. Nínú àpò sìmẹ́ńtì kan, tí í ṣe kìlógíráàmù 50, nǹkan bí lítà 12 omi péré ni sìmẹ́ńtì ń sọ di ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ lè rọ àwọn tí ń pò ó lọ́rùn, lítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà ń dà sí i, omi tí ó ṣẹ́kù kò sì ní ibòmíràn tí yóò gbà jáde ju àwọn ihò tín-tìn-tín tí òun fúnra rẹ̀ lu sínú kọnkéré bí ó ti ń gòkè bọ̀.

Líle kọnkéré yàtọ̀ sí gbígbẹ rẹ̀, àṣìṣe tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn ènìyàn ka ọjọ́ 28 sí ọjọ́ gbígbẹ. Òdiwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ ń lò ni pé kọnkéré tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo rẹ̀ ń rí afẹ́fẹ́ máa ń gba nǹkan bí oṣù kan kí sẹ̀ǹtímítà 2.5 tó gbẹ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 lè gba oṣù mẹ́rin. Kì í sì í ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n dà á ni a ti ń ka oṣù mẹ́rin náà, bí kò ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti dẹ́kun bíbomi rin ín, tí òrùlé sì ti wà lórí rẹ̀, nítorí òjò kan ṣoṣo ní oṣù Okúdù lè dá gbogbo ìṣirò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Omi ti inú kọnkéré yóò tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ti inú iyẹ̀pẹ̀ kì í tán. Ilẹ̀ tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámánì-flọ́ọ̀, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n dà lé orí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kún sáàárín ìpìlẹ̀, máa ń fa ọ̀rinrin sókè bí òwú àtùpà ti ń fa epo, àfi bí wọ́n bá tẹ́ náílọ́ọ̀nù nínípọn sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dà á. Ní Lẹ́kì, ní Àjá àti ní àwọn apá ibi tí wọ́n ti fi yanrìn kún irà, omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè débi pé gbígbẹ́ kòtò kékeré ti tó láti rí i. Ní orí òkè Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kò sí rárá. Náílọ́ọ̀nù yìí kéré lówó púpọ̀ sí agolo ọ̀dà, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìnáwó, tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹ kí wọ́n sì fi igi àti ọkọ́ dá a lu kí kọnkéré tó dé orí rẹ̀. Lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti wà lórí, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá láti dá a padà síbẹ̀.

Bí a ṣe lè mọ ipò tí ilẹ̀ wà kò ṣòro. Èyí tí ó rọrùn jù ni pé kí a gé náílọ́ọ̀nù tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45 lọ́nà méjèèjì, kí a fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká, kí a sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán, ní ibi tí oòrùn kò ti ní pa á. Bí omi bá sẹ̀ sí inú náílọ́ọ̀nù, tàbí tí ojú kọnkéré abẹ́ rẹ̀ bá dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kò tíì tó àkókò. Àléébù àyẹ̀wò yìí ni pé bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ ṣe é gbà gbọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹ̀ kò tó, nítorí òkè nìkan ni ó ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń lu ihò tí ó jìn tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìnípọn kọnkéré, wọn á ki ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀rinrin sínú rẹ̀, ohun tí ó bá sọ níbẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà. Fún ilé ìgbọ́kọ̀sí ọkọ̀ kan, náílọ́ọ̀nù tí a tún lẹ̀ ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta láàárín oṣù kan ti ń sọ òtítọ́ tí ó pọ̀.

Yàtọ̀ sí omi, kọnkéré tuntun ní ohun mìíràn tí ó ń bá ọ̀dà jà, èyíinì ni agbára tí ó wà nínú rẹ̀ tí ó dà bí ti omi eérú. Lórí òṣùwọ̀n pH tí a fi ń mọ ohun tí ó kan àti ohun tí ó ń ta, níbi tí omi lásán wà ní 7, omi inú kọnkéré tuntun máa ń wà láàárín 12 sí 13. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń se ọṣẹ dúdú ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ń sẹ́ omi rẹ̀, a ó sì sè é pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo títí epo kò fi ní jẹ́ epo mọ́, tí yóò di ọṣẹ. Ọ̀dà elépo tí àwọn akunlé ń pè ní gílọ́ọ̀sì, epo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kùn ún sórí kọnkéré tuntun tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀, ọṣẹ ni kọnkéré náà ń fi í sè díẹ̀díẹ̀, tí yóò fi rọ̀, tí yóò máa lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, tí yóò sì ṣí kúrò. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gílọ́ọ̀sì ni ó sún mọ́ ọwọ́ jù ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì máa ń dán gbinrin ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ipò kankan tí ó ti yẹ ilẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ kẹta tí ó ṣáájú yíyan ọ̀dà ni ojú ilẹ̀. Bí kọnkéré bá ti ń jókòó, omi máa ń gbé ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì àti yanrìn kíkúnná wá sókè, èyí tí ó máa ń gbẹ di èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò lágbára. Bí ọ̀dà tí ó dára jù lọ láyé bá dì mọ́ èèpo yẹn, èèpo náà ni yóò bọ́, yóò sì gbé ọ̀dà dání. Bíríkìlà tí ó bá sì fi tírówẹ̀lì irin dán ojú ilẹ̀ títí tí ó fi ń kọ mànà bí awo, tí inú onílé sì dùn sí i, ti mú kí ó ṣòro fún ọ̀dà láti rí ibi dì mú. Ohun tí a ń wá ni pé kí ojú ilẹ̀ há lọ́wọ́ bí ìwé oníyanrìn tí káfíńtà fi ń ha igi, kí ẹ̀kán omi tí a bá sì ta sí i wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ó má ṣe dúró ní róbótó.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí a fi ásíìdì háídíróklórìkì tí a ti là mọ́ omi fọ ilẹ̀, èyí tí ó ń jẹ ojú sìmẹ́ńtì títí ìfófòó rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ó kéré lówó, ṣùgbọ́n ó ní ìyà nínú: ásíìdì ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì, èéfín rẹ̀ ń jo ọ̀fun, ó ń jẹ irin ọkọ̀ àti ti ẹnu ọ̀nà, ó sì ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ihò kọnkéré tí a gbọ́dọ̀ fi omi púpọ̀ ṣàn kúrò, ìyẹn ni pé ilẹ̀ tí a ti fi oṣù mẹ́rin dúró dè kí ó gbẹ ni a tún sọ di tútù. Èkejì ni kí a fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Àwọn oníṣẹ́ tẹ̀rásò ti ń lo ẹ̀rọ ìlọlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì ṣòro láti rí wọn háyà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, àfi pé omi ni wọ́n sábà fi ń lọ tẹ̀rásò. Bí wọ́n bá lè lọ ilẹ̀ kọnkéré ní gbígbẹ, tí ẹ̀rọ tí ń fa eruku sì wà níbẹ̀, òun ni ó dára jù, nítorí eruku kọnkéré tí a fà símú ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìdajì owó iṣẹ́ ilẹ̀ kan tí yóò pẹ́ ni ó yẹ kí ó lọ síbí, akunlé tí kò bá sì mẹ́nu ba ìlọlẹ̀ nígbà tí ó ń dá iye lé iṣẹ́ kò yẹ kí ó gba iṣẹ́ náà.

Nísinsìnyí ni a tó lè sọ̀rọ̀ nípa agolo. Acrylic, tí í ṣe ọ̀dà aláwọ fẹ́lẹ́ tí ó fara jọ èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri, rọrùn láti fi síbẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rinrin díẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n pẹtiróòlù ń tú u, táyà sì ń ṣí i, nítorí náà iwájú ilé ni ipò rẹ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ jù ni epoxy. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ bíi Pierre Castan ní Switzerland àti Sylvan Greenlee ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1930 sí 1940, ni ó sọ ọ́ di ohun ọjà. Agolo méjì ni: rẹ́síìnì wà nínú ọ̀kan, hádínà sì wà nínú èkejì, gẹ́gẹ́ bí ti ohun dídí tí àwọn tí ń na pánẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ máa ń pò kí ó tó dì. Bí a bá ti pò wọ́n pọ̀, kì í ṣe pé wọ́n ń gbẹ, ńṣe ni wọ́n ń so mọ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń gbóná bí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó wà nínú garawa ń gbóná ju èyí tí ó tẹ́ sílẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí wọ́n sì fà á, nítorí bí ìgbóná bá fi dígíríì mẹ́wàá lé sí i, àkókò tí ó ṣe é lò máa ń dín sí bí ìdajì. Èyí tí ìwé ara agolo ní yóò gba ogójì ìṣẹ́jú ní ilẹ̀ tútù lè di òkúta nínú garawa láàárín ogún ìṣẹ́jú ní oṣù Ẹrẹ́nà.

Bí ọ̀rọ̀ epoxy bá dára, ó dára púpọ̀: ọ́ìlì, dísù àti omi bátìrì tí a tètè nù kò rí nǹkan kan fi í ṣe, ó le, ó sì ń dì mọ́ kọnkéré tí a lọ̀ débi pé bí ènìyàn bá fi tipátipá ṣí i, kọnkéré ni yóò ya. Ṣùgbọ́n awọ tí ó dí pátápátá ni. Bí ọ̀rinrin bá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, yóò gbá jọ sábẹ́ rẹ̀, yóò sì lé e ní ìléròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Nígbà tí táyà bá tẹ̀ wọ́n, wọn á bẹ́. Oòrùn náà kò bá a rẹ́, nítorí ó ń mú kí ó pọ́n bí eyín ẹni tí ń mu tábà, kí ojú rẹ̀ sì ṣá, nítorí náà apá ibi tí oòrùn ń gbà wọlé lẹ́nu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ yàtọ̀ ní àwọ̀.

Ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá mú ìṣòro kan wá tí ìwé ara agolo kì í tẹnu mọ́ tó. Òfin iṣẹ́ náà ni pé ilẹ̀ tí a fẹ́ kùn gbọ́dọ̀ fi dígíríì mẹ́ta ó kéré tán gbóná ju ibi tí ìrì ti ń sẹ̀ lọ. Ní Èkó, ní òwúrọ̀ tí ìgbóná afẹ́fẹ́ jẹ́ dígíríì 28 tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ìrì yóò sẹ̀ ní dígíríì 25; kọnkéré tí ó sun abẹ́ òrùlé mọ́jú sábà máa ń wà ní 26 tàbí 27, ìyẹn ni pé kò sí àyè. Bí wọ́n bá kùn ún bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ á kọlu hádínà, nǹkan funfun tí ó ń lẹ̀ bí òróró á sì bo ojú ọ̀dà, èyí tí ìpele kejì kò ní lè dì mọ́ àfi bí wọ́n bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, bí ìgbóná bá di 32 tí ọ̀rinrin sì rọlẹ̀ sí ìdá 60, ìrì kò ní sẹ̀ títí di dígíríì 23, kọnkéré sì ti ń sún mọ́ 30. Ọ̀sán tí oòrùn ti ń yẹ̀ ni wákàtí iṣẹ́, pàápàá nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ihò kọnkéré ń wú láàárọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń gbóná bọ̀, tí yóò sì máa ti ọ̀dà sókè ní ìhó, ṣùgbọ́n ó ń sún kì nígbà tí ilẹ̀ bá ń tutù, tí yóò sì máa fa ọ̀dà wọlé. Ìgbà ọyẹ́ ni ó gbẹ jù, tí ènìyàn ìbá sì gbà pé òun ni ó dára jù, bí kì í bá ṣe ti eruku rẹ̀ tí ń bà lé ọ̀dà tútù tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀kùn tí ó ṣe é tì, kí ó ta aṣọ sí etí rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ oníbàárà jẹ jù ni ìnípọn. Lítà ọ̀dà kan tí kò ní omi tàbí tínà nínú yóò bo mítà oníhà-mẹ́rin kan ní ìnípọn mìlímítà kan, tàbí mẹ́rin ní ìdá mẹ́rin mìlímítà. Ilé ìgbọ́kọ̀sí ọkọ̀ kan tí ó gùn ní mítà mẹ́fà tí ó sì fẹ̀ ní mẹ́ta jẹ́ mítà oníhà-mẹ́rin 18, nítorí náà lítà mẹ́rin ààbọ̀ ni yóò gbà kí awọ ìdá mẹ́rin mìlímítà tó wà lórí rẹ̀, bí gbogbo ohun tí ó wà nínú agolo bá dúró. Bí ìdajì agolo bá jẹ́ omi tí yóò fò lọ, lítà mẹ́sàn-án ni yóò gbà. Agolo olómi tí ó dà bí ẹni pé ó dín ní ìdajì owó kò dín rárá; awọ rẹ̀ ni ó dín, nígbà mìíràn títí kan ìnípọn ewé ìwé kan, táyà kì í sì í pẹ́ kí ó tó rí òdìkejì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà gbọ́dọ̀ yé wa dáadáa. Rọ́bà tí ó ti sáré lórí títì láti Ìbàdàn dé Èkó ti gbóná, ó sì ti wú. Bí ó bá dúró sórí ọ̀dà, ó ń tutù, ó ń sún kì, ó ń fún ọ̀dà dání bí ọwọ́ ti ń fún aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni òróró tí wọ́n fi mú rọ́bà rọ̀ ń wọ inú ọ̀dà lọ, tí ó ń mú òun náà rọ̀. Lọ́jọ́ kejì tí ọkọ̀ bá jáde, ọ̀dà tí kò dì dáadáa á bá táyà lọ, ojú mẹ́rin á sì wà nílẹ̀. Epoxy tí a lọ ilẹ̀ rẹ̀ tí a sì jẹ́ kí ó pé ọjọ́ méje kí ọkọ̀ tó wọlé kì í sábà rí èyí. Ojú tí ó ń dán pẹ̀lú ń yọ̀ nígbà òjò, nítorí náà kí wọ́n fọ́n yanrìn kíkúnná tí a ti fọ̀ tí ó sì gbẹ sí ìpele àkọ́kọ́ nígbà tí ó ṣì tutù, kí wọ́n tó fi ìpele kejì bò ó.

Polyurethane, tí Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hùmọ̀ ní Leverkusen ní Jámánì ní 1937, ni wọ́n sábà ń fi sórí epoxy, nítorí pé irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aliphatic kò bẹ̀rù oòrùn, ó sì ń fàyè gba kí nǹkan ha á láìlà. Ìbátan rẹ̀ tí ó dé ọjà ní àwọn ọdún 1990, polyaspartic, ń dì láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tí ó mú kí àwọn oníṣẹ́ ní Amẹ́ríkà máa polówó ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rinrin ni ó ń mú kí ó yára dì, nítorí náà ní Èkó ó lè dì mọ́ búrọ́ọ̀ṣì kí akunlé tó rin dé ògiri kejì. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ́ ni. Hádínà àwọn méjèèjì ní isocyanate nínú, èròjà tí ó lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́ fún ẹni tí ó bá ń fà á símú, ìbòmú aláṣọ lásán kò sì dá a dúró.

Irú kejì, ti aláìláwọ, kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé kì í dán, tí kò sì ní àwọ̀ tí a lè fi hàn àlejò. Sodium silicate, tàbí ti lithium tí ó wọ́n jù ú lọ, ń wọnú ihò kọnkéré, ó ń bá èròjà tí ó fún kọnkéré ní agbára omi eérú pàdé, àwọn méjèèjì á sì di irú lẹ̀ẹ́mọ́ kan náà tí sìmẹ́ńtì fi ń le. Ìyẹn ni pé ohun kan náà tí ń sọ gílọ́ọ̀sì di ọṣẹ ni silicate ń fi ṣe oúnjẹ. Ilẹ̀ á dẹ́kun yíyọ eruku, ojú rẹ̀ á le sí i, ọ́ìlì kò ní tètè rì, kò sì sí awọ tí yóò bó tàbí tí yóò lé ìléròrò, nítorí ọ̀rinrin ṣì ń rí ọ̀nà jáde. Sodium silicate kò ṣàjèjì ní ọjà kẹ́míkà Ọ̀jọ́tà, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń rà á. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pò fún ilẹ̀ ni ó yẹ kí a rà, kí a sì fi omi ṣan èyí tí kò bá wọlé, kí ó má baà gbẹ sójú ilẹ̀ ní funfun. Kò lè dá ásíìdì bátìrì dúró, ọ́ìlì tí a bá sì fi sílẹ̀ mọ́jú yóò fi àbààwọ́n sílẹ̀.

Àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Chicago tàbí ní London yóò rí i pé ìwé àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa silane àti siloxane, tí í ṣe aláìláwọ tí ó ń lé omi kúrò. Yìnyín àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù ni ó mú un wá, nítorí omi oníyọ̀ tí ó bá dì nínú kọnkéré ń fọ́ ojú rẹ̀. Ẹni tí ń kọ́lé ní Ṣàgámù kò ní ohun tí yóò fi í ṣe. Táìlì alágbára àti tẹ̀rásò kì í ṣe ọ̀dà, nítorí náà wọn kò sí lára ohun tí à ń yẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé táìlì tí wọn kò fi sìmẹ́ńtì kún abẹ́ rẹ̀ dáadáa máa ń fọ́ lábẹ́ jáàkì.

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ilé ìgbọ́kọ̀sí ilé gbígbé ní ilẹ̀ Yorùbá, tí kò sí ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí i pé náílọ́ọ̀nù wà lábẹ́ rẹ̀, silicate ni ó tọ́ sí, pẹ̀lú páànù kékeré lábẹ́ bátìrì inverter, bí ó bá wà níbẹ̀, kí ásíìdì rẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Epoxy tí kò ní omi nínú, tí polyurethane wà lórí rẹ̀, jẹ́ ti ilẹ̀ tí náílọ́ọ̀nù wà lábẹ́ rẹ̀, tí ó ti gbẹ fún oṣù mẹ́rin, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ lọ̀. Ẹni tí kò bá tíì da kọnkéré tirẹ̀, kí ó fi agolo sílẹ̀ ná, kí ó lọ ra náílọ́ọ̀nù.